Oòrùn Ò Dénú Ẹ̀jẹ̀ Mi

Àbúrò mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ara tèmi ti ń yá sí i. Ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ ni mo ṣì ń lọ jókòó ti ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀, àga wa níbẹ̀ sì rọ̀ bí àga olóyè.

Lọ́jọ́ Ajé, dókítà ní fítámì D ò tó lára mi rárá, pé ara oòrùn lèèyàn ti ń rí i. Mo bú sẹ́rìn-ín. Mo ní, "Dókítà, ogún ọdún ni mo fi kan páànù sórí ilé onílé. Ta ni oòrùn pa tó mi?"

Ó ní kíndìnrín ló yẹ kó sọ ọ́ di ohun tí ara lè lò, tèmi sì ti kọṣẹ́. Ó ní ìyẹn lè ṣàkóbá fún ọkàn, pé ọkàn irú wa ló ń ba àwọn lẹ́rù jù. Ó wá bi mí pé, "Àbúrò yín tó ṣèlérí kíndìnrín kan ńkọ́?" Mo ní ìrìnàjò lò ń múra.

Télọ̀ tó máa ń jókòó lọ́tùn-ún mi ò wá mọ́. Ọkàn rẹ̀ ló dáṣẹ́ sílẹ̀. Ẹlòmíì ti wà lórí àga rẹ̀.

Mi ò bínú pé o kì í gbé ìpè mi. Ìyàwó rẹ gbé e níjẹta, ó ní o ti jáde. Mo gbọ́ ohùn rẹ lẹ́yìn rẹ̀, tí ò ń sọ fún un pé kó sọ bẹ́ẹ̀.

Bá mi kí i. Fi fọ́tò mi yìí han Màmá, kí o sọ fún wọn pé mo ti sanra. Wọn ò ní mọ̀ pé omi ni.

Ẹ̀gbọ́n rẹ.