Aago Mẹ́ta Tí Kò Jẹ́ Kí N Wẹ Àbúrò Mi

Ilé Kejìlá, Marlbeck House,
Peckham,
London.
10 Oṣù Kọkànlá, 2025.

Alága,
Ìgbìmọ̀ Tó ń Gbọ́ Ẹ̀hónú Arìnrìn-àjò Òfurufú,
London.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

Ẹ̀HÓNÚ LÓRÍ ÌRÌN-ÀJÒ MI LÁTI GATWICK SÍ HELSINKI

1. Lọ́jọ́ Sátidé, 11 Oṣù Kẹwàá, àbúrò mi obìnrin, Àmínát, kú sí Helsinki, níbi tó ti ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Èmi nìkan ni ẹbí tó ní ní gbogbo Yúróòpù. Àwọn Mùsùlùmí ibẹ̀ ní èmi ló yẹ kí n wẹ̀ ẹ́, wọ́n sì sún jánásà, ìyẹn ìrun òkú àti ìsìnkú rẹ̀, sí ìrọ̀lẹ́ Mọ́ńdè nítorí mi. Ṣùgbọ́n aago márùn-ún ni wọ́n ń ti ibi ìsìnkú, wọn kò lè dúró dè mí kọjá aago mẹ́ta àbọ̀.

2. Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, mo lọ sí ọ́fíìsì ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú Nordavel ní Rye Lane, nítorí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ gíláàsì pé àwọn ń sọ Yorùbá. Ọkọ̀ kan ń lọ ní aago méje àárọ̀ ọjọ́ kejì, òmíràn ní aago méjìlá ọ̀sán. Àyè wà nínú méjèèjì. Aago mẹ́jọ àárọ̀ ni iṣẹ́ òru mi nílé ìtọ́jú arúgbó ní Kennington ń parí, nítorí náà mo béèrè ìgbà tí ti ọ̀sán yóò dé. Mo ṣàlàyé pé òkú ń dúró dè mí. Ẹniolúwa, ọmọbìnrin tó dá mi lóhùn, wo kọ̀ǹpútà, ó ní, “Aunty, aago mẹ́ta ni.” Ó tún fi ránṣẹ́ sórí fóònù mi bẹ́ẹ̀. Ó ṣì wà níbẹ̀. Ti ọ̀sán ni mo rà.

3. Wákàtí mẹ́ta ló fẹ́ sọ. Ọ̀nà náà lé ní ẹgbẹ̀sán kìlómítà, wákàtí mẹ́ta ni ọkọ̀ fi ń fò ó, aago Helsinki sì fi wákàtí méjì ṣáájú ti London. Aago márùn-ún ku díẹ̀ ni mo balẹ̀. Wọ́n ti kírun sí àbúrò mi lára, wọ́n ti bò ó mọ́lẹ̀. Obìnrin tí kò mọ̀ ọ́n rí ló wẹ̀ ẹ́. Yẹ̀pẹ̀ tútù ni mo bá nígbà tí wọ́n ṣí ibi ìsìnkú lọ́jọ́ kejì. Ká ní mo mọ̀ ni, ǹ bá pa iṣẹ́ tì.

4. N kò bá Ẹniolúwa jà. Ìlú yìí ni wọ́n bí i sí, kò sẹ́ni tó jókòó kọ́ ọ pé aago yàtọ̀ sí wákàtí. Àwọn tó fi Yorùbá ẹnu rẹ̀ pe oníbàárà, tí wọn kò bìkítà bóyá ó gbọ́ ọ dáadáa, ni mò ń bá wí. Mo kọ̀wé sí wọn. Wọ́n fèsì pé wákàtí mẹ́ta tí àwọn ṣèlérí náà ni ọkọ̀ lò, pé ó tilẹ̀ fi ìṣẹ́jú mẹ́rin yá. Ẹ gbọ́ o! Mò ń ṣọ̀fọ̀, wọ́n ń yin ọkọ̀ fún mi.

5. Màmá wa ní Ìsẹ́yìn gbọ́ pé ibi iṣẹ́ ni mo wà títí ilẹ̀ fi mọ́ ọjọ́ ìsìnkú. Ọ̀rọ̀ tí Màmá sọ fún mi kẹ́yìn ni pé, “O fi iṣẹ́ ṣáájú Àmínát.” Láti ọjọ́ náà, wọn kì í gbé fóònù mi.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gba ìwé lọ́wọ́ Nordavel, kí wọ́n fi Yorùbá tó yè kooro kọ ọ́ pé àwọn ló ṣì mí lọ́nà, kí n lè fi ránṣẹ́ sí Ìsẹ́yìn kí wọ́n kà á fún Màmá. Wọ́n ti lé lọ́gọ́rin ọdún, ara wọn kò sì yá. N kò fẹ́ pẹ́ dé ọ̀dọ̀ àwọn náà.

Ẹ ṣeun tí ẹ fetí sí mi.

Èmi ni tiyín nínú ọ̀fọ̀,
Mìsítúrà Adégòkè (Arábìnrin),
Olùtọ́jú arúgbó.