Ìmọ̀ràn Ràhmát Gbọn Abọ́ Wa Gbẹ

Pobè, ọjọ́ Jímọ̀

Ràhmát ọmọ mi,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú ooru Kùtọnú. Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí iná mànàmáná gbé ọ nídìí ẹ̀rọ tí o ń tọ́jú. Ara wa le, àfi orúnkún ìyá rẹ, ewúrẹ́ wa sì ti bí méjì.

Ọ̀rọ̀ ilé ìlọta wa ni mo fẹ́ sọ. Láti ìgbà tí Adéoyè ti gbé ẹ̀rọ tuntun wá sí ìsàlẹ̀ ọjà ni àwọn oníbàárà ti ń sá lọ bá a, wọ́n ní àwọn ń dúró pẹ́ jù lọ́dọ̀ mi. Ẹ̀rù ń bà mí pé n ó ti ilẹ̀kùn pa. Ni mo bá rántí ohùn tí o fi ránṣẹ́ lórí Wasapù nípa iṣẹ́ rẹ ní àdúgbò Gbégamey níbẹ̀. O ní olórí kan wà nínú ikùn ẹ̀rọ yín, òun ló ń ṣètò kí ẹgbẹ̀rún èèyàn tó ń wá ojú ewé lórí fóònù lẹ́ẹ̀kan náà má dúró pẹ́. Àgbà gidi ni. Ìyá rẹ ti di iṣu méjì fún un, awakọ̀ ń gbé e bọ̀, jọ̀ọ́ má bá a jẹ ẹ́.

O ní òṣìṣẹ́ tó wà lábẹ́ olórí yẹn kì í bi oníbàárà kọ̀ọ̀kan bóyá ó ti ṣe tán mọ́, olórí ló ń sọ ẹni tó ṣe tán fún un. Èmi náà ní kí ẹni tó bá ti ṣa òkúta inú àgbàdo rẹ̀ tán lu abọ́ rẹ̀ kí n gbọ́, kí ẹni tí kò tíì ṣà á tán máa ṣà á lọ. Háà, iṣẹ́ yá! Ní ọjọ́ kẹta, Ràfíátù aya ìmáàmù padà wá, ó kó èèyàn mẹ́fà dání. Inú mi dùn, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ jó.

O tún ní ẹrù kì í gba ọwọ́ òṣìṣẹ́ kọjá mọ́, láti inú àká ló ti ń lọ bá ẹni tó fẹ́ ẹ tààrà. Mo ṣe ìyẹn náà. Tẹ́lẹ̀, inú abọ́ tèmi ni mo ń kọ́kọ́ da àgbàdo wọn sí, èyí tó bá kù sí ìdí abọ́ ni ìyá rẹ fi ń se ẹ̀kọ. Kì í ṣe olè o, gbogbo ẹni tó ń lọ nǹkan fún ará ìlú ló ń ṣe é! Ní báyìí, láti inú abọ́ wọn ló ń bọ́ sẹ́nu ẹ̀rọ. Iṣẹ́ yá sí i, ṣùgbọ́n a kò rí ẹ̀kọ mu láti ọjọ́ Ajé. Ìyá rẹ ní kí o bá òun bi olórí yẹn pé, bí nǹkan kan kò bá gba ọwọ́ òṣìṣẹ́ kọjá mọ́, kí ni òṣìṣẹ́ ń jẹ?

Kó tó dáhùn, fi owó àpò àgbàdo kan ránṣẹ́ sínú fóònù mi. Owó bébà ni kó jẹ́ o, ẹyọ lè ba inú fóònù jẹ́.

Ọlọ́run yóò sọ iṣẹ́ rẹ di àjẹyó.

Èmi ni bàbá rẹ tí ebi ń pa láàárín ọ̀pọ̀ oníbàárà,
Háàrúnà