Àtàǹpàkò Mi Ti Hù Padà, Ẹ̀rọ Ní Òun Ò Mọ̀ Ọ́n

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo kí àwọn ọmọ. Ẹni tó bá ní kí ẹ dúró lójú ọ̀nà, àga ni yóò gbé fún yín. Ẹrù yín ò ní sọnù, ẹsẹ̀ yín ò ní kọ. Ara wa le nílé. Ewúrẹ́ dúdú ti bímọ. Òrùlé ilé ìdáná ń jò, ṣùgbọ́n orí ìkòkò omi gan-an ló ń jò sí, nítorí náà a ò pè é ní wàhálà.

Àbúrò mi télọ̀ ló ń bá mi kọ ìwé yìí bó ti máa ń ṣe, mo sì ti kìlọ̀ fún un pé ohun tí mo bá sọ ni kó kọ, kó má fi ọgbọ́n tirẹ̀ sí i. Bí o bá rí i pé ìkọ̀wé rẹ̀ ń wọ́ bí ẹni tó fi ẹsẹ̀ kọ ọ́, fara balẹ̀, wàá gbọ́ ìdí rẹ̀.

O rántí pé ìwọ lo ní kí èmi àti ìyá rẹ bá yín lọ sí òkèèrè fún ọjọ́ mẹ́rin. Mo bi ọ́ pé kí la fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀, o ní a kàn fẹ́ lọ sinmi ni. Ó yà mí lẹ́nu, torí ẹni tó bá fẹ́ sinmi, ẹní ló ń wá, kì í wá bàálù. Ṣùgbọ́n nígbà tí o sọ pé àbíkẹ́yìn rẹ ní ẹ̀gbẹ́ mi lòun máa jókòó sí nínú bàálù, ọ̀rọ̀ bùṣe. Mo sọ fún gbogbo àdúgbò.

Nígbà tí èmi, ìyá rẹ àti àbúrò mi dé ibi tí wọ́n ti ń ṣe ìwé ìrìnnà, òṣìṣẹ́ tó wà lẹ́yìn gíláàsì ní kí n ṣí fìlà kí òun lè yà mí ní fọ́tò. Mo ní orí mi ò tíì gba àlejò látìgbà tí irun ti kó kúrò níbẹ̀, àmọ́ mo ṣí i. Ó ní ọdún mẹ́wàá ni ìwé náà máa lò kó tó kú. Mo ṣe àmín, torí ìjọba ò ní fi yíǹkì ṣòfò lórí ẹni tí kò ní gbé e débẹ̀. Ìyá rẹ fi ìka lé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gba ìlà ọwọ́, ẹ̀rọ pariwo ayọ̀. Mo fi tèmi lé e, ó dákẹ́. Òṣìṣẹ́ ní ẹ̀rọ sọ pé kò sí ẹnì kankan níbẹ̀. Mo ní èmi rèé, mo sì wúkọ́ kó lè gbọ́.

Ó ní ọkọ́ ti pa ìlà ọwọ́ mi rẹ́. Òótọ́ ló sọ. Bàbá mi tó jẹ́ àgbẹ̀ ló fi mí sóko kí àbúrò mi lè kọ́ṣẹ́ lábẹ́ òrùlé. Mo wá rò ó pé bí ìka tèmi bá parẹ́ kí tirẹ̀ lè wà, a jẹ́ pé tirẹ̀ náà, tèmi ni. Bí òṣìṣẹ́ ṣe dìde lọ gbá fáànù tó kọ̀ tí kò yí, àbúrò mi na ọwọ́ kọjá lábẹ́ apá mi, ó fi àtàǹpàkò rẹ̀ lé e. Ẹ̀rọ pariwo, wọ́n sì fún mi níwèé. Mi ò pe ìyẹn ní irọ́. Ẹni tó yá àkàbà àbúrò rẹ̀ gun òrùlé, ṣebí òun náà ló gun òrùlé.

Ìgbà tí mo sọ fún ọ lórí fóònù lo figbe ta, pé wọ́n á tún yẹ ìka wò níbodè, pé ẹni tó ni ojú inú fọ́tò ló gbọ́dọ̀ ni ìka náà. Mo ní kí ẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì fún àbúrò mi nígbà náà, kó máa na ọwọ́ lábẹ́ apá mi níbi gbogbo. Fóònù gé. Mo gbà pé nẹ́tíwọ̀kì ni.

Nọ́ọ̀sì wa ló wá sọ pé ìlà ọwọ́ máa ń hù padà bí mo bá lè fi ọkọ́ sílẹ̀, kí n sì máa fi òróró pa á. Koríko sì ń gun ara wọn lóko. Àbúrò mi ní kí ẹ̀gbọ́n òun jókòó, òun á ro oko náà. Mo jókòó sábẹ́ igi, mo fi aṣọ wé àtàǹpàkò mi bí ọmọ tuntun, mo ń pariwo fún un láti ibẹ̀ pé àgbàdo ló ń gé yẹn, kì í ṣe koríko.

Ọmọ mi, ó hù! Ó là bí ebè tuntun. A sáré lọ fi han òṣìṣẹ́ yẹn. Mo gbé e lé ẹ̀rọ tìgbéraga tìgbéraga, ẹ̀rọ ní òun ò mọ ẹni yìí, pé kì í ṣe ẹni yìí ló ni ìwé. Mo ní kó dúró, mo pe àbúrò mi wọlé. Ó fi tirẹ̀ lé e, ẹ̀rọ dákẹ́. Oko ti pa tirẹ̀ náà rẹ́. Èyí tí ẹ̀rọ mọ̀ kò sí mọ́, èyí tó wà, ẹ̀rọ ò mọ̀ ọ́n. Òṣìṣẹ́ gbé orí lé tábìlì, èjìká rẹ̀ ń mì, mi ò mọ̀ bóyá ẹkún ni tàbí ẹ̀rín. Ó gba ìwé náà lọ́wọ́ mi, ó ní ká máa lọ kí òun tó rántí òfin. A yára lọ kó má bàa rántí.

Nítorí náà, ẹ máa lọ. Má sọ pé ẹ ò lọ mọ́ tìtorí mi, mi ò ní gbà. Ìyá rẹ tó ń mú ìwé yìí bọ̀ fún ọ ti di ẹrù rẹ̀, ó tiẹ̀ ti ń kí wa bíi pé àwa la jẹ́ àlejò. Jọ̀ọ́, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ kí n fi ra ìpara fún ọwọ́ àbúrò mi, torí kò lè di abẹ́rẹ́ mú mọ́, ṣòkòtò àwọn èèyàn sì wà lọ́dọ̀ rẹ̀ ní ẹlẹ́sẹ̀ kan ẹlẹ́sẹ̀ kan. Ó ní kí n fi kún un pé kí o ra ẹ̀rọ ìránṣọ tuntun fún òun. Mo ní kó má kọ ọ́. Mi ò mọ̀ bóyá ó kọ ọ́.

Wo ìsàlẹ̀ ìwé yìí. Gbogbo ìgbà tí mo bá tẹ ìka sí ìwé sí ọ, àmì dúdú lásán ló máa ń jẹ́, bí ibi tí epo ta sí. Èyí, gbogbo ìlà rẹ̀ ló pé. Ẹ gbé e sórí àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ yẹn nínú bàálù, kí ó máa fi ìka rẹ̀ tọ ìlà náà títí tí ẹ ó fi dé. Bí wọ́n bá bèèrè níbodè pé ta nìyí, ẹ ní bàbá àgbà ni. Ẹ tọ́jú rẹ̀ o, torí mò ń padà sóko lọ́la, kò sì ní sí ibòmíràn tí ẹ ti lè rí i.

Ibikíbi tí ẹ bá gbé ọwọ́ lé, ilẹ̀kùn ibẹ̀ yóò mọ̀ yín.

Èmi ni bàbá rẹ. Àtàǹpàkò mi nìyí.