Ohun Tí A Bá Lábẹ́ Ebè Bíríkì Bàbá Rẹ

Ráfíkà ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà ní Túnísì? Àwọn ọmọ ńkọ́, ṣé wọ́n ń jẹun? Ọlọ́run tó ń mú oòrùn yọ sórí ilé yín àti sórí tiwa kò ní jẹ́ kí ibi rí yín. Dáadáa la wà níbí, dàbínù ti ń pọ́n, ewúrẹ́ Hẹ́dì aládùúgbò wa ṣì ń jẹ aṣọ tí mo bá sá.

Nǹkan kan ṣẹlẹ̀ tó ṣì ń yà mí lẹ́nu. O mọ̀ pé látìgbà tí bàbá rẹ ti ṣubú, wọn ò lè bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ ṣe ọgbà mọ́, ògiri yàrá ni wọ́n ń wò. Èmi àti Hẹ́dì wá fi bíríkì mọ ebè gíga kan fún wọn, kí wọ́n lè máa jókòó gbin nǹkan. Orí yanrìn la kàn tò ó lé. Bá a ṣe bomi sí i báyìí, ó là, ó sì wó, díẹ̀ ló kù kó wó lé wọn lẹ́sẹ̀. Wọ́n wọlé, wọ́n ní kí n má pe àwọn síta mọ́, pé ilẹ̀ pàápàá ti kọ àwọn. Mo sunkún, ṣùgbọ́n mi ò jẹ́ kí wọ́n rí i.

Ìgbà yẹn lo fi ọkùnrin tó ń kọ́ni bí wọ́n ṣe ń fi ìpìlẹ̀ ilé lélẹ̀ ránṣẹ́ sínú fóònù. Mo bo irun mi kí n tó tan án, mo kí i, mo sì bu tíì fún un. Kò dáhùn, ṣùgbọ́n mi ò bínú, iṣẹ́ ló gbájú mọ́. Nígbà tó yá, ó gbé ṣọ́bìrì sókè, kò sì sọ ọ́ kalẹ̀ mọ́. Àánú apá rẹ̀ ṣe mí. Hẹ́dì ní nẹ́tíwọ̀kì ló fà á. Mo ní ẹni yòówù kó máa jẹ́ Nẹ́tíwọ̀kì, kó jẹ́ kí ọmọ ọlọ́mọ sinmi.

A ṣe bó ṣe wí. A gbẹ́ kòtò yí ojú ibẹ̀ ká, a kó yanrìn kúrò títí ilẹ̀ líle fi ń yọ, ibẹ̀ sì ni ṣọ́bìrì Hẹ́dì ti kan bíríkì. Bíríkì àtijọ́ ni, Ráfíkà, ẹnikẹ́ni nínú wa ò mọ ẹni tó tò ó, ó tọ́ gbọnrangandan, ó dọ́gba bí omi inú àwo. Mo kígbe pe bàbá rẹ, wọ́n sì jáde. Wọ́n fọwọ́ di ògiri mú, wọ́n jókòó sétí kòtò, wọ́n na ọwọ́ sísàlẹ̀, wọ́n sì rọra ń fọwọ́ pa bíríkì yẹn bí ẹni ń fọwọ́ pa orí ọmọ. Wọ́n ní ẹni tó to bíríkì yìí ti kú tipẹ́, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ò sì mì. Wọ́n ní ká má hú u, ká gbé tiwa lé e.

Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í pàṣẹ nìyẹn, pé ká da òkúta wẹ́wẹ́ sí i, ká gún un kó le, ká po sìmẹ́ǹtì kó ki. Wọ́n ní ọwọ́ Hẹ́dì wúwo bíi ti ràkúnmí. Hẹ́dì ní ràkúnmí tí wọ́n bá bú gbọ́dọ̀ jẹun, ló bá jẹ ìkòkò kúskúsù mi tán.

Nígbà tí a to bíríkì wa lé e, tó gbẹ, tí a kó erùpẹ̀ sí i, bàbá rẹ jókòó sétí ebè náà tìwúwo-tìwúwo, a bomi, kò yẹ̀. Wọ́n ti gbin ewé míńtì. Lọ́sàn-án àná mo pè wọ́n wá jẹun, wọ́n ní kí n gbé e wá síta, àwọn ò ráyè.

Jọ̀wọ́, fi owó bíríkì díẹ̀ ránṣẹ́, wọ́n ní ebè kan ò tó àwọn. Hẹ́dì ní inú fóònù lowó máa bá wọlé, ṣùgbọ́n mo ti ṣí ẹ̀yìn rẹ̀ wò, kò sí àyè níbẹ̀, fi rán awakọ̀ tó bá ń bọ̀ wá síbí. Kí Ọlọ́run mú ilé rẹ tòrò, kí àwọn ọmọ rẹ dàgbà lójú rẹ, kí wọ́n sì rí ilẹ̀ líle dúró lé.

Èmi ni màmá rẹ,
Mabrúka