Kí A Tó Ṣí Ìlẹ̀kùn Ààrò

                                        Ilé Búrẹ́dì Bàbá Wa,
                                        Òpópónà Ẹ̀yìn Ilé-Ìwé.
                                        Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kọkànlá.

Àbúrò mi ọ̀wọ́n, Aládùúrà wa,

Báwo ni gbogbo nǹkan? Ṣé dáadáa ni o wà, ṣé ara le? Ọkọ rẹ ńkọ́, ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn ún ti fúyẹ́ díẹ̀? Àwọn ọmọ ńkọ́? Mo gbọ́ pé àbígbẹ̀yìn ti ga jù ọ́ lọ. Kò yà mí lẹ́nu, nítorí kò sí ẹni tí kì í ga jù ọ́ lọ nínú ilé wa. Kí Ọlọ́run máa bá mi ṣọ́ gbogbo yín. Àwa náà wà níbí, à ń mí, à ń jẹun, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀rọ̀ wà lórí ti jíjẹun yẹn. Mo ń bọ̀ lórí rẹ̀.

Ẹrù tí o fi ránṣẹ́ ti dé o. Ìborùn Màmá, èyí aláwọ̀ ewé tó máa ń wà léjìká wọn bí wọ́n bá ń po ìyẹ̀fun ní ìdájí. O ní o kò fọ̀ ọ́ láti ọjọ́ tí wọ́n ti lọ bá Olúwa, pé òórùn wọn ṣì wà lára rẹ̀, pé èmi ló kù kí n fi sí imú. O ṣeun, àbúrò mi. Ohun tó jẹ́ kí n pẹ́ kí n tó dá ọ lóhùn ni pé mi ò mọ bí mo ṣe máa sọ fún ọ pé mi ò gbọ́ òórùn kankan níbẹ̀.

Ibà kan ló dá mi dùbúlẹ̀ lásìkò òjò tó kọjá. Mo bọ́ nínú rẹ̀, àmọ́ nígbà tí mo máa dìde, imú mi ti di ohun ọ̀ṣọ́ lásán. Mi ò gbọ́ òórùn ọṣẹ, mi ò gbọ́ ti èéfín, mi ò mọ ọbẹ̀ tó dùn yàtọ̀ sí èyí tí kò dùn. Ìyàwó mi ní ó ti pẹ́ tí òun ti ń gbàdúrà fún ọkọ tí kò ní máa wá àṣìṣe nínú ọbẹ̀ òun. Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà mí. Dókítà ní òórùn lè padà, ó sì lè má padà, kí n ṣáà ní sùúrù. Ìwọ náà kúkú mọ iṣẹ́ wa. Bàbá ò fi aago yan búrẹ́dì rí. Imú ni wọ́n fi ń yan án, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe kọ́ mi. Mo wá ń jó búrẹ́dì lójoojúmọ́, débi pé àwọn oníbàárà wa bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọgbọ́n yà sí ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn. Mo ti bá ọkùnrin kan sọ̀rọ̀ pé kó wá wo ààrò náà, bóyá ó máa rà á.

Ṣé o rántí bí Bàbá ṣe máa ń ṣe? Kò sí ẹni tó gbọdọ̀ ṣí ìlẹ̀kùn ààrò láì kọ́kọ́ dúpẹ́. A ó tò síwájú rẹ̀, ooru á máa gbá wa lójú, wọ́n á sì yan ẹni tó máa gbàdúrà. Wọ́n máa ń ní kí ni iṣẹ́ tó wà nínú kéèyàn rí búrẹ́dì tó pọ́n dáadáa tán kó tó wá máa ṣọpẹ́. Wọ́n ní Jésù fúnra rẹ̀ dúpẹ́ lórí búrẹ́dì nígbà tí kò tíì tó èrò jẹ. Wọ́n ní bí èèyàn bá ti dúpẹ́ kó tó ṣílẹ̀kùn, ohunkóhun tó bá bá nínú ààrò kò ní gba àlàáfíà lọ́wọ́ rẹ̀. Lójú tèmi nígbà yẹn, kí wọ́n ṣáà tètè ṣe Àmín, kí n rí etí búrẹ́dì jẹ.

Ọjọ́ tó wá kàn ọ́ ńkọ́? O bẹ̀rẹ̀ láti orí Bàbá, o bọ́ sórí Màmá, o dúpẹ́ fún olùkọ́ rẹ, fún ológbò, fún eyín rẹ tó ti yọ àti èyí tó ń mì. Òórùn búrẹ́dì ti ń yí padà. Mo fi ìgúnpá gún ọ, o rò pé èṣù ló fẹ́ dí ọ lọ́wọ́, ni o bá tún gbóhùn sókè. Màmá ti fi ìborùn yìí bo ẹnu, èjìká wọn ń mì fún ẹ̀rín. Bàbá ò dá ọ dúró. Nígbà tí o máa fi ṣe Àmín, búrẹ́dì ti di èédú. Bàbá wò ó, wọ́n wò ọ́, wọ́n jókòó sórí àpò ìyẹ̀fun, wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Wọ́n ní a ti dúpẹ́ ná, a ò lè gba ọpẹ́ padà mọ́. Ọjọ́ yẹn ni orúkọ Aládùúrà mọ́ ọ lórí. A fi ọ̀bẹ ha ẹ̀yìn gbogbo rẹ̀, a jẹ inú rẹ̀, mi ò sì tíì jẹ búrẹ́dì tó dùn tó bẹ́ẹ̀ láti ìgbà náà.

Lọ́sàn-án ọjọ́ tí ìborùn náà dé, mo ti ìlẹ̀kùn yàrá, mo fi bo ojú. Mo fa imú títí àyà fi ń dùn mí. Kò sí nǹkan kan. Ó dà bíi pé Màmá tún ṣẹ̀ṣẹ̀ kú ni. Mo sunkún, Aládùúrà, mi ò ní parọ́ fún ọ. Láti ìgbà tí imú mi ti dákẹ́ ni mo ti ń ṣí ààrò láìdúpẹ́, torí mo gbà pé mo ti mọ ohun tí mo máa bá níbẹ̀. Ìyàwó mi wọlé, ó bá mi bẹ́ẹ̀. Ó jókòó tì mí lórí ibùsùn. Nígbà tó yá, mo na ìborùn náà sí i, mo ní kó bá mi gbọ́ òórùn rẹ̀, kó sì sọ ọ́ fún mi.

Ó fi sí imú, ó dijú. Ó ní òun ń gbọ́ kánfọ̀ díẹ̀, èyí tí ìwọ fi tọ́jú rẹ̀. Ó ní òun ń gbọ́ ìwúkàrà, àti èéfín igi, àti ọṣẹ. Ó tún fà á símú. Ó wá ń wò mí.

“Bàbá àwọn ọmọ, ẹ̀yin ni,” ló wí. “Òórùn ara yín nìyí, bí ẹ bá ti ibi ààrò wọlé. Láti ọjọ́ tí a ti fẹ́ra ni mo ti mọ̀ ọ́n.”

Àbúrò mi, Màmá wà lára mi ní gbogbo ọdún wọ̀nyí, mi ò sì mọ̀, àní nígbà tí imú mi ṣì ń ṣiṣẹ́. A kúnlẹ̀ síbẹ̀, àwa méjèèjì, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Jésù. Mi ò tilẹ̀ rántí láti bẹ̀ ẹ́ pé kó wo imú mi sàn. Mo dúpẹ́ fún Màmá, fún Bàbá, fún obìnrin tó kúnlẹ̀ tì mí. Ọkàn mi wá rọ̀ wọ̀ọ̀, irú ìrọ̀rùn tí mi ò ní láti ọjọ́ ibà yẹn.

Mo ti sọ fún ọkùnrin yẹn pé kó má wá mọ́, ààrò kì í ṣe títà. Ìyàwó mi ti di imú wa báyìí. Á jókòó sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú aṣọ tó ń rán, á ké sí mi bó bá ti tó. Èmi á dúró síwájú ààrò, mà á dijú, mà á dúpẹ́. Kúkúrú ni o, mi ò jẹ́ ṣe tìrẹ. Nígbà míì ó ṣì máa ń jóná, torí imú wa náà a máa tòògbé. A ó ha á, a ó jẹ ẹ́. Òórùn kò tíì padà sí mi. Mi ò mọ̀ bóyá ó máa padà, àmọ́ mo ti dúpẹ́ ná.

Bá mi kí ọkọ rẹ dáadáa, kí o kí àwọn ọmọ, kí o sì kí aránṣọ tí ẹ jọ ń kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ìyàwó mi ní kí n kí ọ, pé owó iṣẹ́ imú òun ti ń pọ̀ lọ́rùn mi. Mo ti ká ìborùn náà sínú àpótí. Bí o bá wálé, tí àárò Màmá bá ń sọ ọ́, má wulẹ̀ lọ ṣí àpótí. Wá bá mi níbi ààrò, kí o dì mọ́ mi.

                                        Èmi ni tìrẹ, tó fi ìgúnpá gún ọ,
                                        Ẹ̀gbọ́n rẹ oníbúrẹ́dì.