Àga Tó Ṣófo Nínú Yàrá Àwọn Atatẹ́tẹ́ Bọ́ọ̀lù

Ojúlé Kẹsàn-án,
Natako, Lọ́kọ́já.
Ọjọ́ Kẹtàlá, Oṣù Kẹta, 2025.

Alága Ìgbìmọ̀ Alábòójútó,
Ilé Ìtọ́jú Ìfọ̀kànbalẹ̀,
Lọ́kọ́já.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

Ẹ̀BẸ̀ LÓRÍ BÍ Ẹ ṢE PÍN ÀWA ATATẸ́TẸ́ TÓ Ń GBA ÌTỌ́JÚ

1. Ní oṣù kìíní, èmi àti Sùrájù, aládùúgbò mi, wá forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ yín. Ọdún mẹ́sàn-án la fi jọ ta tẹ́tẹ́ nọ́ńbà ní ìsọ̀ kan náà. Fọ́ọ̀mù yín béèrè irú tẹ́tẹ́ tí oníkálukú fẹ́ràn jù. Mo kọ "nọ́ńbà," nítorí òótọ́ ni. Sùrájù kọ "bọ́ọ̀lù."

2. Láti ìgbà náà, gbogbo Ọjọ́rú ni àwọn ti bọ́ọ̀lù ń jókòó pẹ̀lú Ìyáàfin Adéòkè, olùdámọ̀ràn yín. Ìwé pélébé kan ni àwa ti nọ́ńbà gbà, wọ́n sì ní ká padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́fà. Mo béèrè ìdí lọ́wọ́ Uwais, akọ̀wé yín. Ó fi ọ̀wọ̀ dáhùn pé, "Bàbá, bọ́ọ̀lù ló ń ba ayé àwọn èèyàn jẹ́. Eré àgbà ni tiyín."

3. Mo ti ka ohun tí àwọn onímọ̀ kọ. Ó lè jẹ́ pé tẹ́tẹ́ kan le ju òmíràn lọ. N kò lè fọwọ́ sọ̀yà. Ṣùgbọ́n eré bọ́ọ̀lù a máa parí; tiwa kì í parí. Inú àlá ni àwa ti ń mú nọ́ńbà. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo lálàá ìyàwó mi tó ti ṣaláìsí. Kí omijé tó bọ́ lójú mi, mo ti sọ ọ́ di nọ́ńbà méjì. Mo sì tún lọ sí ìsọ̀.

4. Ìlara wà nínú lẹ́tà yìí. Ara Sùrájù ti ń dán. Abẹ́ igi dongoyárò tó wà níta yàrá yín ni mo ti ń wò ó gba ojú fèrèsé. Ǹ bá ti kọ̀wé yìí láìdárúkọ rẹ̀, n kò sì mọ ìdí tí n kò fi ṣe bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ìlara náà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má yọ ọ́. Irọ́ tó pa ti wò ó sàn.

5. Àga kan ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọjọ́rú mẹ́fà tó tẹ̀léra ni mo ti ń wo àga náà. Ẹ jẹ́ kí n jókòó síbẹ̀. Bí òfin yín kò bá gbà, ẹ fún mi ní fọ́ọ̀mù mìíràn. N ó kọ "bọ́ọ̀lù," bí n kò tilẹ̀ mọ orúkọ agbábọ́ọ̀lù kan.

Mo dúpẹ́ pé ẹ kà á dé ìsàlẹ̀.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,
Bámiṣayé Ọláolúwa,
Òṣìṣẹ́ Ilé Ìkàwé Tó Ti Fẹ̀yìn Tì.