Ṣéènì tí Mo Fọwọ́ Ara Mi So

Ilé Kejìlá, Àdúgbò Basin,
Ìlọrin, Ìpínlẹ̀ Kwara.
30 Oṣù Kẹrin, 2025.

Munirah, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé àláfíà lẹ wà ní Jẹ́bà? Bàbá àwọn ọmọ ńkọ́? Ẹsẹ̀ tó ń dun Ìyá, ṣé ó ti ń gbé wọn dé mọ́sálásí báyìí? Àwa náà wà, a ń ṣiṣẹ́. Ìrètí àbúrò mi ní kí n kí ọ.

O bi mí irinṣẹ́ wo ni kí o rà, kí ẹ lè máa tún ṣéènì ẹ́ńjìnnì ìgégi yín ṣe nílé. Kò pọ̀. Fáìlì roboto tó bá eyín ṣéènì náà mu, fáìsì tí yóò dì í mú, irin tí wọ́n fi ń ti ìṣó tó so ṣéènì pọ̀ jáde, àti èyí tí wọ́n fi ń yí orí ìṣó tuntun títí yóò fi tẹ́ pẹrẹsẹ. Mú ṣéènì àtijọ́ dání lọ sí ṣọ́ọ̀bù, má fẹnu júwe rẹ̀. Nítòsí Post Office ni mo ti ra tèmi. Èyí tó kù ni n kò tètè mọ̀, òun ló jẹ́ kí n kọ lẹ́tà.

Ìjì ló bi igi dóńgóyárò kan wó sórí òrùlé kíláàsì àwọn ọmọ kékeré ní ilé ẹ̀kọ́ kan ní àdúgbò Fate. Mọ́ńdè ni àwọn ọmọ ń wọlé. Ilé iṣẹ́ ìgégi wa ló gba iṣẹ́ náà. Ní Wẹ́sìdeè, ṣéènì já. Alfa Abdulmateen, àgbàlagbà tó ń bá wa tún un ṣe, ní àwọn ò ráyè àfi Sátidé. Ọdún mẹ́rin ni mo ti ń bá wọn fa ọ̀rọ̀ yìí. Bí Alfa bá so ṣéènì tó já, wọn kì í fi rán ẹnikẹ́ni. Àwọn fúnra wọn ló ń tẹ̀lé e dé ìdí igi, wọn á fi gé àkọ́kọ́, kí wọ́n tó gbé e fún oníṣẹ́. Lójú tèmi, ìfàkókòṣòfò ni. Wọ́n kọ́ èmi àtìwọ ní ilé ẹ̀kọ́ òwò pé ibi tí iṣẹ́ bá ti ń dúró, ẹ gé e kúrò. Mo gé Alfa kúrò.

Ní Tọ́sìdeè, mo ra irinṣẹ́, mo wo fídíò lẹ́ẹ̀mejì, mo so ṣéènì. Nínú ìṣó méjì tí mo fi so ó, orí ọ̀kan kò tẹ́ dáadáa. Mo fọwọ́ mì í, ó mì díẹ̀. Mo ní ó ti tó.

Láàárọ̀ Jímọ́ọ̀, mo gbé e dé Fate. Toyyib tó ń bá wa gé igi, bàbá ọlọ́mọ mẹ́ta, wo ojú ibi tí mo so, ó bi mí ta ló so ó. Mo ní èmi ni. Ó gbé ẹ́ńjìnnì kalẹ̀, ó bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀, ó nà án sí mi.

"Ẹ̀yin lẹ máa kọ́kọ́ gé nìyẹn, Àǹtí. Bí Alfa ṣe ń ṣe é nìyẹn."

Mo ní n ò gbé e rí láyé mi.

"Alfa náà kì í ṣe agégi, mà. Àyà wọn ni wọ́n ń gbé wá."

Kò fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣéènì tó bá já lẹ́nu iṣẹ́, ara ẹni tó dì í mú ló lè bà. Mo wọ ìbọ̀wọ́ náà, ó tóbi jù mí lọ. Bí mo ṣe na ọwọ́ sí ẹ́ńjìnnì, ìṣó tó ń mì yẹn sọ sí mi lọ́kàn. N kò ní parọ́ fún ọ, Munirah: èyí tó tó fún Toyyib lánàá kò tó fún mi mọ́. Mo ní kó bá mi tú ṣéènì náà.

Mo gbé e padà sílé, mo yọ ìṣó méjèèjì, mo fi tuntun sí i, mo yí i títí ọwọ́ mi fi bó. Ní Sátidé, mo fi gé ìtì kan tó wà nílẹ̀, Toyyib ń sọ bí mo ṣe máa dì í mú. Kò já. Ó gbà á lọ́wọ́ mi, ó sì gé dóńgóyárò kúrò lórí òrùlé kí oòrùn tó wọ̀. Sátidé náà tí Alfa dá ni. Mo mọ òwe tí o fẹ́ pa, jọ̀ọ́ fi pamọ́.

Mo sọ fún Alfa ní Mọ́ńdè. Wọ́n bi mí bóyá àyà mi já. Mo ní ó já. Wọ́n ní, "Alhamdulillah. Ẹ lè máa so ó lọ."

Nítorí náà, ra irinṣẹ́ náà. Ṣùgbọ́n ra ìbọ̀wọ́ kan kún un, kó jẹ́ ìwọ̀n ọwọ́ tìrẹ.

Bá mi kí Ìyá àti bàbá àwọn ọmọ.

Èmi ọ̀rẹ́ rẹ tí ń kánjú,
Ayọ̀mípọ̀sí.